Super Fly ti Curtis Mayfield: ṣé orin náà ń bá fíìmù lọ ni, àbí ó ń bá a jà?

Àkàndé_Onírẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín, torí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá.

Mo wo fíìmù Super Fly láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí mo ṣe pa á tán báyìí, mo gbé àwo orin rẹ̀ sí i, mo gbọ́ orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láì dìde. Gbogbo rẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 37 lọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ní 1972 ni fíìmù náà jáde ní Amẹ́ríkà. Gordon Parks Jr. ló darí rẹ̀. Ron O'Neal ló ṣe Youngblood Priest, ọkùnrin kan tó ń ta kokéènì ní Harlem, nílùú New York, tó fẹ́ na ọjà ńlá kan ṣoṣo sí i, kó kówó rẹ̀, kó sì jáwọ́ pátápátá. Curtis Mayfield ló ni orin. Ọmọ Chicago ni, òun ló ń kọ orin fún ẹgbẹ́ The Impressions kó tó dá dúró ní 1970. Àwo náà ti wà lọ́jà kí fíìmù tó jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, èyí tí wọ́n fi ń mọ orin tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ 4 níbẹ̀. Owó tí orin pa ju èyí tí fíìmù pa lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Nínú fíìmù, Priest rẹwà. Aṣọ rẹ̀ bá a mu, mọ́tò rẹ̀ ń dán, obìnrin ń dù ú, ó sì borí àwọn ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá wò ó tán lè máa lọ sílé kó máa rò pé òwò kokéènì dùn ún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin! Orin àkọ́kọ́ ti ń sọ ti ọmọ kan tó ń sá kiri ìgboro, tí bàbá rẹ̀ ò sí nílé, tó ti rẹ ìyá rẹ̀. Orin kẹta ń túfọ̀ òkú. Orin keje ní òun ò fẹ́ kí ohunkóhun wọ ara òun kí inú òun tó dùn. Ẹni tó ń kọrin yìí ò sí lẹ́yìn Priest rárá. Àárín fíìmù náà ló jókòó sí, tó ń bá a wí.

Ó rán mi létí onílù tí wọ́n pè sóde, tó ń lù fún olówó, tí olówó ń jó, tí àwọn tó gbédè ìlù sì ń wojú ara wọn nítorí wọ́n mọ ohun tí ìlù ń sọ.

Ṣé èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá_Ìbejì_Olórin kọ:

Ìwọ nìkan kọ́, Àkàndé. Jẹ́ kí n fi "Freddie's Dead" gbè ọ́ lẹ́yìn.

Freddie wà nínú fíìmù náà, Charles McGregor ló ṣe é. Ọkùnrin tó tóbi ni, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún Priest. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n lù ú títí ó fi dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó fẹ́ sá mọ́ wọn lọ́wọ́, mọ́tò gbá a, ó kú. Fíìmù náà ò dúró dè é. Kò sẹ́ni tó jókòó sunkún rẹ̀. Mayfield ló padà lọ gbé òkú rẹ̀ nílẹ̀, tó ní gbogbo ayé ló rẹ́ ẹ jẹ nígbà tó wà láàyè, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí ni pé orin yìí ń dún nínú fíìmù náà o, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀. Gìtá, fáyólíìnì àti fèrè nìkan là ń gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Mayfield wí nípa ikú Freddie, àfi kó lọ ra àwo. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè fa orin náà kalẹ̀ fún Oscar, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onífíìmù ní Amẹ́ríkà, torí òfin wọn ni pé ọ̀rọ̀ orin gbọ́dọ̀ dún nínú fíìmù. Orin tó dé ipò kẹrin lórí àtẹ Billboard! Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú ẹ pátápátá. Wọ́n yọ ẹkún kúrò nínú fíìmù, ó wá kù sórí àwo.

Ẹlẹ́nu_Ọ̀rọ̀ kọ:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará ilé, mi ò gbà.

Wọn ò ki orin Mayfield bọ inú fíìmù yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Sig Shore tó gbé fíìmù náà jáde àti Phillip Fenty tó kọ ìtàn rẹ̀ ló mú ìwé eré lọ bá a lẹ́yìn ìtàgé ní Lincoln Center, nílùú New York. Ó kà á, inú rẹ̀ dùn sí i, ó gbà. Ó tiẹ̀ fara hàn nínú fíìmù gan-an: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ "Pusherman" nílé fàájì. Orin yẹn kan náà ni wọ́n tún gbé lé àwọn fọ́tò tó ń tẹ̀ lé ara wọn wàràwàrà, níbi tí oríṣiríṣi èèyàn ti ń fa kokéènì símú, tí ọjà ń tà, tí owó ń yípo. Orin ló mú kí ibẹ̀ dùn ún wò. Ẹ yọ orin kúrò, ẹ padà wò ó, ẹ máa rí i pé fọ́tò lásán ni.

Ní 1972 yẹn náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tí NAACP wà lára wọn, pariwo lé irú àwọn fíìmù báyìí lórí. Mayfield fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tóun wo ohun tí wọ́n yà, ńṣe ló jọ ìpolówó kokéènì lójú òun. Ó dáa. Kí ló dé tí kò kó orin rẹ̀ kúrò?

Àkàndé, o fi onílù ṣe àkàwé. Èmi náà á fi í dáhùn: onílù tó rí i pé ijó olówó ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ó yẹ kó gbé ìlù sílẹ̀.

Onígìtá_Ọ̀sán kọ:

Ẹ jẹ́ ká tún orin yẹn gbọ́ ná, ká tó dájọ́. Torí "Pusherman" tí Ẹlẹ́nu ń wí yìí, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ Mayfield ní gìtá. Dùùrù ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ ní kékeré, orí àwọn bọ́tìnnì dúdú ni ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń wà. Nígbà tí gìtá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ń yí okùn rẹ̀ títí ohùn wọn fi bá àwọn bọ́tìnnì dúdú yẹn mu: F#, A#, C#, F#, A#, F#. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn onígìtá yòókù ń tún okùn ṣe, ṣùgbọ́n bó ṣe lò ó ní gbogbo ìgbà tó fi ta gìtá nìyẹn. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń yí okùn tó tínrín jù lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ku díẹ̀ kó dé F#, ló bá já tàn-án, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, tí mo kàn fi àtàńpàkò gba okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́gbọọgba láì tẹ ìkankan, ohùn Mayfield ló jáde! Ìka mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé inú bó ṣe tún gìtá rẹ̀ ṣe ni ìwà pẹ̀lẹ́ orin rẹ̀ ti ń wá.

Ó yá, "Pusherman". Béèsì Lucky Scott ń rìn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Master Henry Gibson wà nídìí àkúbà, ọwọ́ rẹ̀ ò sinmi, síbẹ̀ kò pariwo. Gìtá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ darí ohùn rẹ̀, tó ń ṣe wáà-wáà bí ẹni tó ń la ẹnu tó ń pa á dé. Fáyólíìnì tó kún inú àwọn orin yòókù ò jáde níbí. Mayfield wá gbé ohùn tínrín yẹn lé e, kò kígbe, ńṣe ló ń sọ ọ́ sí ọ létí bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí oríkì. Oníkokéènì ń ki ara rẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní òbí ẹni tó ń rà á, ó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwa tí a gbọ́ oríkì mọ̀ pé kì í bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ki jagunjagun á dárúkọ ilé tó jó àti ọmọ tó sọ di aláìníbàbá, jagunjagun á sì máa yan. Bí "Pusherman" ṣe rí nìyẹn. Ó ń ki í, ó ń tú u fó.

Ṣé ó dùn? Ó dùn! Kokéènì náà dùn lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Tó bá jẹ́ pé ìwàásù gbígbẹ ni Mayfield ṣe, ta ló máa mọ ohun tí ọmọdé ojú títì ń gbọ́ nígbà tí oníkokéènì bá pè é sí kọ̀rọ̀?

Àkàndé_Onírẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ̀gbọ́n Onígìtá, ọ̀rọ̀ oríkì yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.

Tèmi_Ò_Pẹ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo kéré sí yín lọ́jọ́ orí. "I'm Your Pusher" tí Ice-T ṣe ní 1988 ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń sọ pé orin ni oògùn tóun ń tà. Mi ò mọ̀ pé orí iṣẹ́ Mayfield ló ti gbé e wá, àfìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín.

Mi ò tíì wo fíìmù náà, mi ò sì tíì gbọ́ àwo náà délẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá_Ìbejì_Olórin kọ:

Káàbọ̀, ọmọ mi. Àwo ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Bó ṣe dé ọwọ́ àwọn ará 1972 náà nìyẹn, wọ́n ti ń gbọ́ "Freddie's Dead" lórí rédíò kí wọ́n tó mọ ojú Freddie. Gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, má fo ìkankan, kódà èyí tí kò lọ́rọ̀.

Ọmọ_Onífèrè kọ:

Ìyá Ìbejì dárúkọ àwọn tí kò lọ́rọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí orúkọ kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì dá níbí: Johnny Pate.

Pate ló to orin fáyólíìnì àti fèrè inú àwo yìí. Oníbéèsì ni òun náà, ó dàgbà ju Mayfield lọ dáadáa, ó sì ti ń bá The Impressions ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 1963. Mayfield kì í ka orin lórí ìwé. Ẹni tó máa gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún odindi yàrá tó kún fún onífáyólíìnì, Pate ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bí fèrè àti fáyólíìnì ṣe ń gun ara wọn nínú "Little Child Runnin' Wild" títí àyà èèyàn á fi máa já, ọwọ́ Pate lẹ ń gbọ́ yẹn.

Orin méjì ni kò ní ọ̀rọ̀ nínú àwo náà: "Junkie Chase", tí kò tó ìṣẹ́jú 2, àti "Think". Orúkọ Mayfield ló wà lára wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ wọ́n. Pate ní òun lòun kọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì túká lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá tí wọ́n jọ ṣe yìí.

Mo fẹ́ràn Mayfield bí mo ṣe fẹ́ràn ojú mi, ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ pé àwo yìí ń bá fíìmù wí, ká rántí pé ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mayfield fẹnu sọ ọ́. Pate fi fáyólíìnì sọ ọ́. Nínú "Freddie's Dead" tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ Pate ló kù nínú fíìmù, ìbànújẹ́ ọ̀hún ò sì kúrò níbẹ̀ tán.

Àbẹ̀kẹ́_Etí_Orin kọ:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, lo oògùn olóró fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wà lára ohun tó kọ́kọ́ tà. Mo délé, mo rí ibi tó máa ń wà lórí àpótí, ojú ibẹ̀ mọ́ rogodo, eruku yí i ká. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi àti ìyá mi ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó ti jáwọ́ báyìí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ilé mi ló ń gbé. A jọ máa ń gbọ́ orin lálẹ́, àwo Super Fly sì wà lára ohun tó fẹ́ràn jù, òun ló máa ń ní kí n gbé e sí i. Ṣùgbọ́n tí "Little Child" bá parí, tí béèsì "Pusherman" bá ti wọlé, á rọra dìde, á jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé. Kì í bínú. Kò sọ fún mi rí pé kí n fò ó. Á dúró síta títí orin yẹn á fi parí, tó bá ti gbọ́ "Freddie's Dead" á wọlé padà, á jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe máa ń bá wa sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn."

Nítorí náà, mi ò mọ ibi tí mo wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, Ẹ̀gbọ́n Onígìtá àti Ẹlẹ́nu. Òótọ́ ni pé Mayfield mọ ohùn oníkokéènì dé ìdí. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ò lè jókòó gbọ́ ọ. Tí àwo bá wá dé ojú kejì, tó kan "No Thing on Me", èyí tí Mayfield fi "Cocaine Song" kún orúkọ rẹ̀, àbúrò mi á bá a kọ ọ́ sókè. Orin ẹni tó ní ayọ̀ òun wá láti inú òun fúnra òun ni. Ohùn rẹ̀ kì í bá a dé òkè tí Mayfield dé, á kàn máa pariwo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí i pé mò ń sunkún.

Ẹlẹ́nu_Ọ̀rọ̀ kọ:

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àbúrò yín. Ẹ bá mi kí i, ẹ bá mi kí ìyá yín náà.

Mi ò ní sọ pé mo ti yí ọkàn padà pátá. Lójú mi, ọwọ́ Mayfield ṣì wà nínú fíìmù yẹn, ọ̀dọ́ tó wọ ilé sinimá lọ ní 1972 tó rí Priest nínú ẹ̀wù gígùn rẹ̀ ò ní àwo lọ́wọ́ láti fi tún inú rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò yín sọ ti yanjú ìdajì ìbéèrè mi. Mo rò pé adùn lásán ló wà nínú "Pusherman". Mi ò rò ó pé ẹni tó ti débẹ̀ máa dá ohùn yẹn mọ̀.

Màá tún un gbọ́ lálẹ́ yìí.

Bàbá_Sinimá kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un jìnnà sẹ́yìn díẹ̀, kó sì tún wá síwájú.

Gordon Parks tó jẹ́ bàbá ló darí Shaft ní 1971, Isaac Hayes ló ṣe orin rẹ̀, ó sì gba Oscar fún un. Ọdún kejì rẹ̀, ọmọ darí Super Fly. Marvin Gaye náà ṣe orin fún Trouble Man lópin 1972. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti Hayes àti ti Gaye, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kò lọ́rọ̀. Orin tó ń ran àwòrán lọ́wọ́ ni. Mayfield ni tiẹ̀ yàtọ̀. Nínú orin 9, 7 ló ní ọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì di ẹnì kan mú: ọmọ aláìníbàbá, oníkokéènì, Freddie tó kú, Eddie tó da ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kódà "Little Child" ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé fíìmù bá a, "Ghetto Child" ló ń jẹ́ nígbà náà. Ilé ìjọba Cabrini-Green ní Chicago ni Mayfield gbé ní kékeré, kò nílò ìwé eré kankan kó tó mọ ọmọ yẹn.

Ẹlẹ́nu béèrè pé kí ló dé tí kò kó orin rẹ̀ kúrò. Ìdáhùn mi rèé: ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1974, ó kọ orin Claudine fún Gladys Knight & the Pips. Fíìmù ìyá ọmọ mẹ́fà ní Harlem tó ń wá bí wọ́n ṣe máa jẹun ni, kò sí oníkokéènì tó ń yan níbẹ̀. Ní 1976, ó kọ ti Sparkle, Aretha Franklin ló fi ohùn kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ orin rẹ̀, Curtom, tó dá sílẹ̀ ní 1968, ló sì gbé Super Fly jáde. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi owó tì síbi tí wọ́n bá fẹ́? Aláwọ̀ dúdú tó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà yẹn ò wọ́pọ̀.

Àwo náà wọ ìwé àkọsílẹ̀ orin tí Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, ń tọ́jú fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ó wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún 2018.

Onígìtá_Ọ̀sán kọ:

Bàbá Sinimá, ẹ ṣeun fún Claudine. Mo gbé e sí i báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ. Ní oṣù kẹjọ 1990, Mayfield fẹ́ kọrin níta gbangba ní Wingate Field, ní Brooklyn. Afẹ́fẹ́ líle dé, ó bi irin tí wọ́n so iná ìtàgé mọ́ ṣubú lé e lórí. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ tó tún okùn gìtá ṣe bíi ti bọ́tìnnì dúdú yẹn ò di gìtá mú mọ́ láéláé.

Síbẹ̀ ó tún ṣe àwo orin kan, New World Order, ní 1996. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ kọ ọ́, torí bó bá jókòó, èémí rẹ̀ kì í tó gbé ohùn jáde. Á kọ ìlà kan, á sinmi. Á kọ òmíràn. Wọ́n wá ń so wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn Super Fly, ẹ máa gbọ́ pé ohùn náà ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pariwo. Kò pariwo rí látilẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà 1999, ẹni ọdún 57.

Mo kàn fẹ́ kí Tèmi Ò Pẹ́ mọ̀ ẹni tó máa gbọ́.

Tèmi_Ò_Pẹ́ kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì ti wo fíìmù náà lánàá.

Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí "Pusherman" bẹ̀rẹ̀, àbúrò yín ni mò ń rò. N ò gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbádùn ti Ice-T.

Ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Orin tó kẹ́yìn, "Superfly", béèsì rẹ̀ wúwo, fèrè rẹ̀ ń dún kíkankíkan, ó mú mi jó nínú yàrá. Tí Mayfield bá ń bá fíìmù wí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé ó wá gbà fún Priest níkẹyìn ni?

Àkàndé_Onírẹ́kọ́ọ̀dù kọ:

Ìbéèrè tó dáa gan-an. Mo tún fi í sí i nítorí tìẹ, mo di ìwé àti bírò mú.

Nínú fíìmù, Priest bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá oníwà ìbàjẹ́ yẹn. Ó borí wọn, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ, ó parí. Nínú orin, tẹ́tí sí ohun tí Mayfield ń tún sọ lórí fèrè yẹn lásán. Kò sí ibì kan tó ti sọ pé ọkùnrin náà dé òdìkejì. Ó ní ó ń gbìyànjú láti rékọjá. Ó tún sọ ọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá sọ ọ́, mo ń dúró de ibi tó máa ti sọ pé ó kọjá, àwo tán, abẹ́rẹ́ ń ha nídìí rẹ̀, kò sọ ọ́.